Agogo Ni, Kì í Ṣe Pàṣán

Bí ẹ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ọkùnrin tó ti pẹ́, tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní bọ́dìn, ẹ má tíì wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ má wo ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n tò sínú dígí ní ọ́fíìsì pírínsípà. Ẹ wá agogo. Abẹ́ igi máńgòrò ló sábà máa ń wà, tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ìjẹun: ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí gígé irin tí wọ́n yọ lára ojú irin rélùwéè, tí wọ́n fi ṣéènì gbé kọ́. Ní Òṣogbo tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró láti ìgbà òyìnbó, irin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ń lù. Bí ibẹ̀ bá ń dán bí owó tuntun, ilé-ìwé ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti dógùn-ún, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún yín lọ́fíìsì, ẹ fi ọgbọ́n gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà tó jáde ní irú ilé-ìwé yìí fẹ́ràn láti máa sọ pé pàṣán ló sọ àwọn di ènìyàn. Àsọdùn ni. Pàṣán wà ní ilé-ìwé tó dára, ó wà ní èyí tí kò dára, kò sì sọ èyí tí kò dára di rere. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní ilé-ìwé tó dára, ọmọ ọdún 12 kì í ṣe ìpinnu kankan nípa àkókò ara rẹ̀. Agogo ló ń bá a ṣe é. Ìgbà tí yóò jí, ìgbà tí yóò jẹun, ìgbà tí yóò jókòó ti ìwé láìsí olùkọ́ lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, agogo náà á ti wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ó dé yunifásítì, kò sí ẹni tó ń lu nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ bí ago méje alẹ́ bá ti kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbé e lọ síbi ìwé. Ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì tí wọ́n ń kọ sára pátákó ẹnu géètì, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.

Agogo fúnra rẹ̀ ní ìlànà. Ojú kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti so ó, kó má sì fara kan igi tàbí ògiri, torí ohunkóhun tó bá fara kàn ni yóò gbé ohùn rẹ̀ mì. Okùn nípọn tí wọ́n wé mọ́ ọn lára náà ń pa á lóhùn. Ṣéènì tó gba ihò kan kọjá ló dáa. Etí la ń lù, a kì í lu àárín. Ríìmù tó ti sán á máa dún bí àpáàdì, ọmọ tó wà ní ìsàlẹ̀ pápá kò sì ní gbọ́ ọ, wọ́n á ní ó pẹ́, wọ́n á jẹ ẹ́ níyà, ẹ̀ṣẹ̀ ríìmù sì ni. Ìlù sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra: àlùìdákẹ́ fún jíjí, ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta fún oúnjẹ, ẹyọ kan fún pàṣípààrọ̀ kíláàsì. Ìlù wàdùwàdù tí kò lónkà, iná tàbí jàǹbá nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í ṣeré. Ọmọ méjì ni kí wọ́n yàn sídìí agogo, kì í ṣe ọ̀kan, torí ibà kì í bi aago kó tó dé. Kí wọ́n sì máa yẹ aago wọn wò pẹ̀lú rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aago tó ń fi ìṣẹ́jú 3 falẹ̀ lọ́sẹ̀, kó tó di òpin táàmù ọlọ́sẹ̀ 13, yóò ti jẹ ìṣẹ́jú 39. Odindi kíláàsì kan ti lọ nìyẹn.

Ètò ọjọ́ kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn. Jíjí, 5:30. Pípọn omi, gbígbá ilẹ̀, fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kálukú ní ojú ibi tirẹ̀ tí wọ́n kọ sára pátákó. Inspection ní 6:45: bẹ́ẹ̀dì títẹ́, èékánná, ẹ̀yìn etí. Oúnjẹ ní 7:00, àpéjọ ní 7:45, kíláàsì ní 8:00. Kíláàsì 8 tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 40, pẹ̀lú ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á parí ní 1:50. Oúnjẹ ọ̀sán ní 2:00. Siesta, ìyẹn oorun ọ̀sán, láti 2:45 dé 4:00. Lẹ́yìn náà, eré ìdárayá lọ́jọ́ kan, àdá àti koríko lọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ alẹ́ ní 6:15. Prep, ìyẹn ìwé kíkà alẹ́ láìsí ìkọ́ni, láti 7:15 dé 9:15. Àdúrà. Iná á kú ní 10:00.

Ẹ ṣírò oorun inú rẹ̀. Láti 10:00 alẹ́ dé 5:30, wákàtí 7 ààbọ̀ ni. Ara ọmọ ọdún 13 sí 18 ń fẹ́ wákàtí 8 sí 10. Siesta ló ń dí àlàfo náà: pẹ̀lú wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 rẹ̀, ó di 8 àti ìṣẹ́jú 45. Nítorí náà, ilé-ìwé tó bá fagi lé siesta torí pé òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, gbèsè ló jẹ. Alẹ́ ni yóò san án, nígbà tí ìdajì kíláàsì bá dojú bo tábìlì ní ago mẹ́jọ. A mọ̀ pé àwọn òbí fẹ́ràn láti gbọ́ pé ọmọ ń kàwé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún yín.

Kì í ṣe Òṣogbo ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. CMS Grammar School ní Èkó ló la ọ̀nà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859. Ọmọkùnrin 6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé-ìwé ni gbogbo wọn ń gbé, Thomas Babington Macaulay tó jẹ́ àna Àjàyí Crowther sì ni pírínsípà wọn. King's College ti ìjọba dé ní 1909, Ibadan Grammar School ní 1913, Government College Ìbàdàn ní 1929. Lápá ọ̀dọ̀ tiwa, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1932, Ilesa Grammar School sì tẹ̀ lé e ní 1934. Ọmọ Òṣogbo tó bá fẹ́ ka girama láyé ìgbà náà, ìrìn-àjò ló ń lọ, pẹ̀lú pọ́tímáńtò lórí. Ìdí bọ́dìn nìyẹn, kì í ṣe fáàrí: ilé-ìwé ò tó nǹkan, ìlú jìnnà síra, ọmọ tó bá wá ní láti rí ibi sùn. Nígbà tó yá, Òṣogbo ní tirẹ̀, Osogbo Grammar School, àti St. Charles ti àwọn Kátólíìkì tó jẹ́ ti ọkùnrin.

Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti mú ètò pípín ọmọ sí ilé-ilé wá. Grier, Swanston àti Field wà lára orúkọ ilé tó wà ní Government College Ìbàdàn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kíláàsì kọ́ ló ń pín yàrá. Ọmọ kékeré kíláàsì kìn-ín-ní àti ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Ibi tí àǹfààní rẹ̀ ti ń wá ni ewu rẹ̀ náà ti ń wá, a óò padà síbẹ̀.

Prep ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù ni olùkọ́ rere. Olùkọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ á wọlé ní 7:30, á gbé ṣọ́ọ̀kì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Inú gbogbo ènìyàn á dùn. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì yẹn nìkan ni ọmọ ní láti dá jókòó pẹ̀lú ìwé, kí ìwé le fún un, kó sì wá ọ̀nà tí yóò fi yé e. Bí olùkọ́ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ á gba A méje ní WAEC, á sì já ní ọdún àkọ́kọ́ yunifásítì, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ ọmọ irínwó lẹ́ẹ̀kan náà tí kò sì mọ orúkọ ẹnì kankan. Olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní prep kò ní iṣẹ́ ju méjì lọ: kó máa rìn, kó sì máa ka orúkọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kó kà á, ní 7:20 àti ní 8:40. Ní 7:20, gbogbo ọmọ máa ń wà níjòókòó. Láàárín ago mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀ ni àwọn kan ń rántí pé inú ń run wọ́n.

Bí a ṣe ń lo wákàtí méjì náà: ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́la, ìṣẹ́jú 45 tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ ṣí nóòtì òní, kó bò ó mọ́lẹ̀, kó kọ ohun tó rántí sí bébà mìíràn, kó tó ṣí i wò. Èyí tí kò rántí ni kó kà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ìdàkejì: èyí tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń kà tẹnutẹnu, torí ó ń dùn lẹ́nu. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù, kó ka ẹ̀kọ́ ọ̀la ṣíwájú, kódà bí kò bá yé e, kó lè mọ ohun tí yóò bèèrè. Bí ọmọ bá ń sùn nídìí rẹ̀, ẹ má tíì gbé igi. Ẹ béèrè ohun tó jẹ lálẹ́. Ẹ̀bà ńlá ní 6:15 àti ìwé ní 7:15, oorun ló máa ń gbẹ̀yìn wọn. Ilé-ìwé tó gbọ́n máa ń gbé ẹ̀bà sí ọ̀sán, ẹ̀wà tàbí ẹ̀kọ sí alẹ́.

Lẹ́yìn náà, iná. Láyé ọjọ́un, àtùpà gáàsì onípọ́ọ̀ǹpù ni, ọ̀kan fún kíláàsì. Ẹni tó ń tàn án ní láti kọ́kọ́ fi spirit mú ọrùn rẹ̀ gbóná, kó tó pọ́ọ̀ǹpù. Bí ó bá kánjú pọ́ọ̀ǹpù, kẹrosíìnì á tú jáde lómi, ọwọ́ iná á là sókè. Màńtù rẹ̀, àpò aṣọ kékeré tó ń tàn, sì dà bí eérú lẹ́yìn tó bá ti jó lẹ́ẹ̀kan. Bí ìka bá kàn án, ó parí. Lónìí, ìnfátà àti sólà ló kù, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Yàrá 12, gílóòbù 4 nínú ìkọ̀ọ̀kan, watt 10 gílóòbù kan: watt 480 ni. Ní wákàtí méjì, ó di watt-wákàtí 960. Bátìrì olómi 12-volt tó jẹ́ 200Ah kan ń gbé 2,400, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ kí a lò bí a kò bá fẹ́ kó tètè kú, ìyẹn 1,200, ìnfátà náà á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Méjì ni kí wọ́n rà kí ọkàn wọn balẹ̀. Kò sí ilé-ìwé tí ìṣirò yìí ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun tó ń pa á ni wáyà tí ẹnì kan fà lọ sí ilé olùkọ́ láti fi mú omi tutù.

Ibì kan tún wà tí òbí kì í wọ̀, ìyẹn làábù. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí ẹnjiníà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ fojú kan burette, ọ̀pá dígí onílà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, lọ́jọ́ ìdánwò. Ní kẹ́mísírì WAEC, titration, ìyẹn dída ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi kẹ́míkà mìíràn títí àwọ̀ á fi yí padà, wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni, bíi lílo ẹ̀rọ ìránṣọ. Fi omi fọ burette, lẹ́yìn náà fi díẹ̀ nínú ásíìdì tí o fẹ́ lò gan-an ṣan án. Bí o bá fo èyí, omi tó kù nínú rẹ̀ á ti bu omi la ásíìdì rẹ. Pipette, ọ̀pá dígí tí wọ́n fi ń fa omi kẹ́míkà kejì, omi kẹ́míkà tirẹ̀ ni kó fi ṣan. Ìgò conical flask, omi lásán, kó má fi omi kẹ́míkà kankan ṣan án rárá. Yọ fúnẹ́ẹ̀lì kúrò lórí burette kó tó ka ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀kán tó bá já bọ́ láti ibẹ̀ ti ba ìṣirò jẹ́. Wo bóyá afẹ́fẹ́ há sí ẹnu ìsàlẹ̀. Ẹ̀kán 2 tàbí 3 indicator, omi tó ń yí àwọ̀ padà, ti tó; ọmọ tó bá da mẹ́wàá sí i rò pé àwọ̀ á hàn dáadáa, ṣùgbọ́n indicator náà ń mu ásíìdì. Ka ìsàlẹ̀ ìtẹ̀kòtò omi náà ní ìbámu ojú, má bẹ̀rẹ̀ wò ó, má nàgà wò ó. Èyí tó fi dánwò kọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò tí kò bá sún mọ́ àwọn yòókù. Àwọn tí kò fi ju 0.20 cm³ jìnnà síra ló ń pín sí àárín.

Ọmọ méjì sí burette kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti SS1, ló ń mú kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹ́jọ sí ọ̀kan, ọ̀kan ń ṣe é, méje ń kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń lo làábù, ẹ wo ojú tábìlì: ó yẹ kí ó ní àbààwọ́n. Tábìlì tó funfun nini, ìdánwò ló ń dúró dè.

Ti UTME, ìdánwò àṣewọ yunifásítì, yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ìkọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ̀wé àmọ́ tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri, tàbí tó ń bẹ̀rù mouse, kò ní ká a tán. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti SS2 ti tó fún èyí.

Ohun tí kò sí mọ́, tó sì dùn wá, ni Lower Six àti Upper Six, ọdún méjì tó wà láàárín girama àti yunifásítì. Ètò 6-3-3-4 (ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 àti 3 ní girama, 4 ní yunifásítì) ló gbé e lọ. Ọdún méjì yẹn, ọ̀dọ́kùnrin ń gbé inú bọ́dìn, ó ń ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré, ó sì jinlẹ̀ nínú wọn. Òun náà ni yóò ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ kíláàsì kejì lórí bẹ́ẹ̀dì. Afárá ni wọ́n láàárín girama àti yunifásítì. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ọmọ ọdún 16 ló ń fò kọjá odò.

Omi. Ìṣirò tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí fún ọmọ tó ń gbé ilé-ìwé ni lítà 20 lójúmọ́, láìka èyí tí ìgbọ̀nsẹ̀ olómi yóò gbé. Fún ọmọ 300, lítà 6,000 nìyẹn, táńkì oní-2,000 mẹ́ta. Bọ́hòòlù tó ń fa lítà 30 níṣẹ̀ẹ́jú kan á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 kó tó kún. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá kọ̀ lálẹ́, òwúrọ̀ bàjẹ́. Ìyẹn rọrùn láti rí. Èyí tí wọn kì í rò ni ẹ̀rọ omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 20 máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Ọmọ 300, ìṣẹ́jú 600 ni, wákàtí mẹ́wàá. Ẹ̀rọ mẹ́wàá ló máa jẹ́ kí wọ́n parí láàárín 5:30 sí 6:30. Ilé-ìwé tó ní ẹ̀rọ mẹ́rin tó sì ń na ọmọ tó pẹ́ sí inspection, ara rẹ̀ ló yẹ kó nà. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, kànga á lọ sílẹ̀, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ago mẹ́ta láti tò. Oorun wọn ti lọ nìyẹn, prep náà ti lọ. Kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, kí ṣáláńgá sì wà nísàlẹ̀ òkè sí i, kì í ṣe lókè.

Nínú dọ́ọ̀mù, kí mítà kan wà láàárín bọ́ǹkì sí bọ́ǹkì, kí wọ́n sì máa sùn lórí-sẹ́sẹ̀: orí ọmọ kan síbi ẹsẹ̀ èkejì. Ìdí rẹ̀ ni àrùn yírùnyírùn (meningitis), tó fẹ́ràn àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ àti yàrá tó kún tí fèrèsé rẹ̀ sé nítorí ọyẹ́. Kí fèrèsé wà lápá méjèèjì, kí wọ́n sì ṣí i. Kí ilẹ̀kùn jẹ́ méjì, kó máa ṣí síta. Àwọn háòsìmásítà kan, olùkọ́ tó ń mójú tó dọ́ọ̀mù, máa ń ti ilẹ̀kùn láti ìta lálẹ́ kí ọmọ má baà yọ́ lọ sí ìgboro. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ìgbà tí wọ́n bá fi wá kọ́kọ́rọ́ rí, ó ti pẹ́ jù. Ẹ bi wọ́n léèrè ní tààrà.

Ara yíyún tó ń ràn máa ń gba dọ́ọ̀mù kan lọ́sẹ̀ méjì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó ń yún nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹni tó kó o lè má yún un títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Gbogbo dọ́ọ̀mù ló gbọ́dọ̀ pa òògùn ní alẹ́ kan náà, láti ọrùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, láàárín ìka, lábẹ́ èékánná. Kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ bẹ́díṣíìtì àti aṣọ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì tún pa á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìdun, omi híhó sí gbogbo oríkèé bẹ́ẹ̀dì onírin, fóòmù sínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀dì onígi, ilé ìdun ni, kí wọ́n má rà á.

Ní ti pọ́tímáńtò, ẹ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà, kí wọ́n ṣe onírin tó lè wọ abẹ́ bọ́ǹkì. Ẹ wọn abẹ́ bọ́ǹkì náà ṣáájú. Kọ́kọ́rọ́ méjì sí àgádágodo, ọ̀kan sí ọrùn ọmọ, ọ̀kan sí ọwọ́ háòsìmásítà. Ohun tó ń sọnù ní bọ́dìn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti olè. Ohun tí kò ní àmì ló ń rìn. Ẹ fi ìṣó gbígbóná kọ orúkọ sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀dà á ṣí. Aṣọ, ẹ rán orúkọ sí ìṣẹ́tí, kì í ṣe ọrùn tí òógùn ń jẹ. Gàrí, ẹ yan án kó gbẹ, ẹ kó o sínú ike onídérí, kì í ṣe nínú ọ̀rá tí eku ń já. Ṣúgà náà, inú ike onídérí ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèrà á ti kó o kó tó di ọjọ́ kẹta. Àti àdá: kí ẹ pọ́n ọn kó tó lọ, torí ọmọ tó ń fi àdá kíkú gé koríko ló ń gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ilé ìdáná kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fún ọmọ 300, nǹkan bí kílò 30 ẹ̀wà gbígbẹ, tàbí kílò 40 ìrẹsì, tàbí kílò 45 gàrí ẹ̀bà ni oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Òbí tó bá mọ ìṣirò yìí lè wo ìkòkò kó sì mọ ibi tí owó rẹ̀ wà. Ẹ̀wà tó bá ń rùn bí òògùn kòkòrò, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á, fífọ̀ kò lè gbà á. Lórí tábìlì, òfin àtijọ́ kan wà tí a kò tíì rí èyí tó jù ú lọ: ẹni tó pín oúnjẹ ló ń mú kẹ́yìn. Níbi tí òfin yìí bá ti kú, síníọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ọmọ kékeré, ohun mìíràn á sì tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀rọ̀ síníọ̀. Rírán júníọ̀ níṣẹ́ jẹ́ àṣà wa, ọmọ tó bá dàgbà ju ọmọ lọ máa rán an níṣẹ́ nílé náà. Ṣùgbọ́n nílé, ìyá wà nítòsí tó ń wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ní bọ́dìn, agogo ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìyá yẹn: kò sí iṣẹ́ rírán ní siesta, kò sí ní prep, kò sí lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Omi pípọn fún síníọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́, kí orúkọ ẹni tó pọn ọ́n sì wà lára pátákó. Ìyà tó burú jù máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín 10:00 sí 11:30 alẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán. Nítorí náà, kí ilé háòsìmásítà dojú kọ dọ́ọ̀mù, kí háòsìmásítà fúnra rẹ̀ má sì ní wákàtí kan pàtó tó fi ń rìn yípo. Wákàtí tó bá ti di mímọ̀, kò wúlò mọ́. Fún àwọn ọmọ tuntun, yàrá tiwọn ni fún táàmù àkọ́kọ́, pẹ̀lú pírífẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n yàn nítorí ìwà, kì í ṣe nítorí gíga.

Ètò yìí ti kọsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà níbí. Nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ girama di ọ̀fẹ́ ní 1979 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí Òṣogbo wà nínú rẹ̀, iye ọmọ gbẹ̀rú. Ohun rere ni, ọmọ tálákà wọlé, a ò ní sọ pé kó má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dọ́ọ̀mù di kíláàsì, bọ́ǹkì di irin àlòkù. Láàárín 2012 sí 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ilé-ìwé tò, wọ́n da ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ láwọn ibi tó ti jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tàbí ti obìnrin nìkan tẹ́lẹ̀. Ní 2020, ìjọba tó tẹ̀ lé e yí èyí padà. Ilé-ìwé á gba orúkọ àti ọkùnrin rẹ̀ padà. Ètò alẹ́ kò rọrùn láti gbà padà bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ àwọn síníọ̀ ló wà, ọ̀wọ́ kan sì ń fi í lé òmíràn lọ́wọ́. Bí ọ̀wọ́ kan bá jáde láìrí ẹni fún, kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Bọ́dìn náà, ilé ni. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó ń wá bọ́dìn fún ọmọkùnrin láti Òkè-Fìà, láti Ayétòrò, láti ojú ọ̀nà Ìkìrun, ẹ má lọ lọ́jọ́ ìṣíde, nígbà tí gbogbo nǹkan funfun. Ẹ tọrọ àyè láti wá ní alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdé. Ẹ dúró lábẹ́ fèrèsé kíláàsì ní ago mẹ́jọ, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn olùkọ́ ni tàbí ti bébà tí wọ́n ń ṣí. Ẹ dúró títí di 9:15. Bí agogo bá dún, ẹ wo aago ọwọ́ yín, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú tí ọmọ tó gbẹ̀yìn fi jáde.